ÌWÉ DÌGÍRÌ ÀTI ÌLẸ̀KÙN BÀBÁ MI: Ìtàn bí ẹ̀kọ́ okòwò àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Àwọn ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ yìí ní kí n kọ díẹ̀ nípa bí okòwò àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe di ohun tí ènìyàn ń gba dìgírì lé lórí ní Nàìjíríà. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ òbí ń béèrè bóyá ó yẹ kí ọmọ oníṣòwò tún lọ lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì kí ó tó wá jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù. Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ oníṣòwò ni mí, mo sì ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì kí n tó bẹ̀rẹ̀ dìgírì tèmi. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù bàbá mi.

Òṣómàáló ní Kaduna

Ìjẹ̀ṣà ni bàbá mi. Ọdún 1958 ni wọ́n dé Kaduna níbí, ọdún kan lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles ṣí ní Kakuri ní 1957. Iṣẹ́ òṣómàáló ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n: wọn á ta aṣọ láwìn, wọn á fún oníbàárà lọ́jọ́, bí ọjọ́ bá pé, wọn á dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọn á ní òṣó ni àwọn máa ló títí owó àwọn yóò fi jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ àti òṣìṣẹ́ rélùwéè ni oníbàárà wọn. Ìparí oṣù ni ìkórè.

Bàbá mi kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè rẹ́ wọn jẹ nínú ìṣirò. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni ìwé wọn, ẹfun ni kálàmù. Ìlà gígùn kan jẹ́ pọ́n-ùn kan, ìlà kúkúrú jẹ́ ṣílè márùn-ún. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, ìlà gígùn náà di náírà méjì, kò sì rú wọn lójú. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀: fìlà, kẹ̀kẹ́, igi, ẹsẹ̀ kan tó wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá san nínú gbèsè rẹ̀, wọn á fa ìlà dábùú ohun tó san.

Wọ́n kú lójijì ní 1988. Ọdún tí mò ń parí HND nínú ìmọ̀ ìṣirò owó ní Kaduna Polytechnic nìyẹn. Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti ìyá mi dúró níwájú ìlẹ̀kùn yẹn. Àmì mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀. Mẹ́fà péré ni ìyá mi mọ ẹni tó ni ín. Nínú mẹ́fà náà, mẹ́rin san. Àwọn tó ń kó ọjà fún bàbá mi ní tiwọn mú ìwé wá, ìwé tó ní ọjọ́, tó ní iye, tó sì ní ìtẹ̀ka bàbá mi. A kò lè jiyàn. Kí ọdún tó yípo, ṣọ́ọ̀bù ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Èmi tí mo fi ọdún mélòó kan kọ́ bí a ti ń kọ gbèsè síhìn-ín kí a kọ owó tó wọlé sọ́hùn-ún, mi ò lè ka ìlẹ̀kùn bàbá tó bí mi. N kò jókòó tì wọ́n rí kí n bi wọ́n pé, "Bàámi, ta ló ni kẹ̀kẹ́ yìí?" Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lára mi títí dòní.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbà á

Ẹ jẹ́ ká yà sí ìtàn báyìí. Àwọn kan rò pé dìgírì okòwò jẹ́ ti ọmọ ilé tí kò mọ ọjà. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ṣe olùkọ́, ó ti ṣe akọ̀wé àti oníròyìn, ó ti ra ọjà oko, ó sì ti ní ọkọ̀ akẹ́rù, kí ó tó gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Nàìjíríà níbí ló wà tó fi kà á, ó ń dá ìwé kà nílé, ó ń ṣiṣẹ́ jẹun. Ẹ̀yìn náà ló tó wọ ọkọ̀ òkun lọ kọ́ òfin ní ìlú Òyìnbó.

Ní ọdún 1944 yẹn kan náà ni Olóyè Akíntọ́lá Williams, ọmọ Èkó tó ti jáde ní Yaba Higher College, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó gba B.Com. ní 1946, ó sì di akáǹtáǹtì oníwèé-àṣẹ ní 1949, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò dé ibẹ̀. Ní 1952 ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí òfin dá ẹgbẹ́ àwọn akáǹtáǹtì Nàìjíríà, ICAN, sílẹ̀ ní 1965, òun ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó jáde láyé ní 2023.

Ẹ kíyè sí i pé Lọ́ńdọ̀nù ló fún àwọn méjèèjì ní oyè. Nígbà tí University College ṣí ní Ìbàdàn ní 1948, ẹ̀kọ́ ọnà àti èdè, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣègùn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí okòwò níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí Eric Ashby darí, tó gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù kẹsàn-án 1960, ló tọ́ka sí àlàfo yìí. Wọ́n ní kí yunifásítì kan wà ní Èkó tí yóò máa kọ́ni ní okòwò àti ìṣàkóso okòwò lọ́sàn-án àti ní ìrọ̀lẹ́, kí òṣìṣẹ́ náà lè ráyè. Yunifásítì Èkó ṣí ní 1962, ilé ẹ̀kọ́ okòwò sì wà lára mẹ́ta tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ti ìṣègùn àti ti òfin. Ní òkè ọ̀hún níbí, Institute of Administration ti wà ní Zaria láti 1954. Ó di ara Yunifásítì Ahmadu Bello nígbà tí ìyẹn ṣí ní oṣù kẹwàá 1962.

Ọ̀nà kejì ni ti ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Kaduna Technical Institute bẹ̀rẹ̀ ní 1956, ó di Kaduna Polytechnic ní 1968. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ oníṣòwò nínú ẹgbẹ́ wa gbà kọjá. Ní 1977 ni ìjọba dá àjọ NBTE sílẹ̀ láti máa bójú tó irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ìjọba nígbà náà, ìpele keje ni wọ́n máa ń gba oní-HND sí, ìkẹjọ ni ti oní-dìgírì. Bí oní-HND bá sì gòkè dé ìpele kẹrìnlá nígbà yẹn, ibẹ̀ ni àkàsọ̀ máa ń tán.

Èmi náà kan àkàsọ̀ yẹn. Ní 2004, níbi iṣẹ́ tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n fi ọmọ tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́ ṣe ọ̀gá mi, nítorí pé ó ní dìgírì. Ọmọlúàbí ni ọmọ náà, ó ṣì ń pè mí ní "Bọ̀ọ̀dá" títí di ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n oorun kò kun ojú mi lóru ọjọ́ yẹn.

Ilé ẹ̀kọ́ tó kú tó tún jí

Oore tí Ọlọ́run ṣe ni pé ọ̀nà kẹta ti ṣí. Ìgbà ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, ní 1983, ni wọ́n kọ́kọ́ fi òfin dá Yunifásítì tí a ń pè ní National Open University sílẹ̀, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè máa kàwé láti ilé rẹ̀. Ìjọba ológun tó gbàjọba lẹ́yìn rẹ̀ dá a dúró ní 1984. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi sùn. Ní 2001 ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jí i dìde. Ní 2005 mo gba fọ́ọ̀mù ní ibùdó rẹ̀ ní Kaduna, mo sì yan ìṣàkóso okòwò, mo fi ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kún un.

Kò rọrùn. Mo máa ń kàwé láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìdájí kí ọmọ tó jí. Bí iná bá lọ, àbẹ́là. Bí ìyàwó mi bá rí i tí mo ń tòògbé, á bu omi tútù fún mi, á ní, "Bàbá Ṣadé, ìwọ lo ní o fẹ́." Mo parí ní 2011.

Ọjọ́ kan ni mo fẹ́ sọ fún yín nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Wọ́n ní kí a fi kọ̀ǹpútà ṣe ìwé ìṣirò fún òwò kékeré kan. Mo jókòó, n kò mọ òwò tí màá lò, ni mo bá rántí ìlẹ̀kùn. Mo to orúkọ oníbàárà sí ọ̀wọ́ kìíní, ọjọ́ sí èkejì, iye ọjà sí ẹ̀kẹta, ohun tó san sí ẹ̀kẹrin, ohun tó kù sí ìkarùn-ún. Bí mo ṣe ń ṣe é ni ojú mi ń là. Bàbá mi ní gbogbo rẹ̀! Àwọn tó gba aṣọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù wà lókè ìlẹ̀kùn, àwọn tó gbà á ní ìparí wà nísàlẹ̀: ọjọ́ nìyẹn. Àwọn ìlà ni iye, ìlà ìdábùú ni ohun tó san. Ìwé ìṣirò pípé ni. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: ẹnì kan péré ló lè kà á.

Ohun tí dìgírì kọ́ mi nìyẹn. Kò kọ́ mi lówò. Ọjà ti kọ́ bàbá mi lówò kí wọ́n tó bí mi. Ohun tó kọ́ mi ni bí a ti ń kọ ohun tí a mọ̀ sílẹ̀ lọ́nà tí ẹlòmíràn fi lè gbà á lọ́wọ́ wa, kí ó sì máa bá a lọ.

Ìlẹ̀kùn òní

Ẹ má rò pé ìtàn àtijọ́ ni mò ń pa. Ní 2012 ni báńkì àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ká dín owó níná lọ́wọ́ kù, láti Èkó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí owó náírà di ohun àwárí, gbogbo wa ni ó di dandan fún láti máa gba owó lórí fóònù àti lórí ẹ̀rọ POS. Ọ̀pọ̀ ìyá wa nínú ẹgbẹ́ yìí wá ń fi fóònù ṣòwò. Ó dára. Ṣùgbọ́n mo bi ìyá kan léèrè ẹni tó mọ nọ́ńbà àṣírí fóònù rẹ̀. Ó ní òun nìkan ni. Mo bi í ibi tó kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sí. Ó fi ọwọ́ kan orí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ìlẹ̀kùn bàbá mi ni mo rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ gba dìgírì nínú okòwò àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ má ní ó ń sá fún ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ kí ó lọ. Bó bá sì ti wálé lọ́lídé, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sọ orúkọ gbogbo onígbèsè fún un, kí ó kọ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gbé ìwé lé orí ìyá yín. Kálúkúlétọ̀ tí ẹ fi ń ṣírò kò tíì mọ oníbàárà tí yóò san àti èyí tí yóò sá. Ìyá yín mọ̀ ọ́n. Ẹ bi wọ́n nígbà tí ẹnu wọn ṣì lè fèsì.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí òwò wa ju ẹ̀mí wa lọ, kí ọmọ wa sì lè ka ohun tí a bá kọ.