Ìyà tó ń pọ̀ jù lórí àwọn ọmọ kan nílé-ìwé: ohun tí wọ́n rí ní Amẹ́ríkà, àti ohun tó kàn wá

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ní Ahoyéyé, ní Pobè àti ní Sakété, ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo ilé-ìwé kan tó ní ọmọ 100. Nínú wọn, 10 jẹ́ aláìlera: ọ̀kan kò gbọ́ràn dáadáa, òmíràn ní wárápá, òmíràn kì í tètè mọ̀wé. Nígbà tí ọdún parí, a ka àwọn tí wọ́n lé lọ sílé fún ìyà. Wọ́n jẹ́ 20, àmọ́ 8 nínú wọn ló jẹ́ aláìlera. Kí ló fà á? Ṣé ìwà wọn ló burú tó bẹ́ẹ̀ ni, àbí ojú tí a fi ń wò wọ́n?

Ohun tí wọ́n rí ní Amẹ́ríkà

Ìjọba ibẹ̀ máa ń ka irú ìyà báyìí. Ní 2018, GAO, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn aṣòfin wọn yẹ iṣẹ́ ìjọba wò, gbé ìròyìn jáde lórí ọdún ìwé 2013-2014. Nínú ọmọ 100 tó wà nílé-ìwé ìjọba, àwọn aláwọ̀ dúdú kò pé 16. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ 100 tí wọ́n lé lọ sílé fún ìgbà díẹ̀, bíi 39 ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọn aláìlera jẹ́ bíi 12 nínú 100, síbẹ̀ wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 25 nínú 100 àwọn tí wọ́n lé. Ọmọ tó bá wá jẹ́ dúdú, tó tún jẹ́ aláìlera, ẹrù méjì ló rù.

Ní 2002, ọ̀jọ̀gbọ́n Russell Skiba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní ìlú ńlá kan. Wọ́n rí i pé ohun tó hàn sójú, bíi sìgá mímu àti bíba nǹkan jẹ́, ló ń gbé ọmọ funfun dé ọ́fíìsì. Ti ọmọ dúdú, àfojúdi àti ariwo ni wọ́n máa ń sọ pé ó ṣe. Ẹ ò rí i? Sìgá, gbogbo èèyàn ló lè rí i. Àfojúdi, ẹnu olùkọ́ nìkan la ti ń gbọ́ ọ.

Ohun tí òfin wọn sọ

Òfin tó fún ọmọ aláìlera lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé-ìwé ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́ ti wà láti 1975. IDEA ni wọ́n ń pè é báyìí. Wọ́n tún un ṣe ní 2004. Ó sọ pé:

- Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ka àwọn tí ìyà ń jẹ, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.
- Níbi tí ìyàtọ̀ náà bá ti pọ̀ jù, kí wọ́n yọ 15 nínú 100 owó tí wọ́n ń gbà lábẹ́ òfin náà, kí wọ́n fi tètè ran àwọn ọmọ lọ́wọ́.
- Bí wọ́n bá fẹ́ lé ọmọ aláìlera ju ọjọ́ ìwé 10 lọ, kí ilé-ìwé àti òbí kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n wò ó bóyá àìlera rẹ̀ ló fa ohun tó ṣe. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ náà yóò padà sí kíláàsì rẹ̀, àfi bí ọ̀rọ̀ bá kan ohun ìjà, oògùn olóró tàbí ìpalára ńlá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí lọ́hùn-ún, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìpàdé yẹn kọjá wọn.

Àwa ńkọ́?

Níbí, àwọ̀ ara kọ́ ló yà wá sọ́tọ̀. Àmọ́ irú ìyà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Láyé àwọn Faransé ní Dahomey, ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nílé-ìwé, wọ́n á fi “signal” kọ́ ọ lọ́rùn. Òun náà á máa ṣọ́ ẹlòmíràn tí yóò gbé e fún. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ìyà dé nìyẹn. Ọmọ náà kò jalè, kò bú ẹnikẹ́ni. Èdè rẹ̀ ni wọ́n sọ di ẹ̀ṣẹ̀.

Lónìí, a pe ọmọ, kò dáhùn. A ní olórí kunkun ni. Ṣé a ti yẹ etí rẹ̀ wò? A bi í ní Faransé, ó dákẹ́. Ṣé a ti fi Yorùbá bi í? Àwọn àgbà ní: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Òfin orílẹ̀-èdè wa kò gbà kí wọ́n máa na ọmọ nílé-ìwé: ìwé òfin ọmọdé, nọ́mbà 2015-08, kọ̀ ọ́. Òfin 2017-06 sì wà láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláìlera.

Ohun tí a lè ṣe

1. Kí ilé-ìwé ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ ìyà sí: ọmọ wo, kí ló ṣe, ìyà wo, ta ló fi jẹ ẹ́.
2. Ní ìparí oṣù, kí ọ̀gá ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ àwọn òbí, A.P.E., ka iye rẹ̀ pọ̀. Bí orúkọ kan náà bá ń padà wá, ẹ wádìí ìdí rẹ̀.
3. Kí òbí má fi àìlera ọmọ pamọ́ nígbà tó bá ń fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Olùkọ́ tó mọ̀ pé ọmọ kò gbọ́ràn á gbé e síwájú, kò ní gbé e síta.

Ọmọ tí a lé lọ sílé lónìí lè má padà mọ́. Oko tàbí ọjà ni yóò gbà á. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè, ká tó fìyà jẹ ẹ́.