Ulé Lẹ́nu, Ilé Nínú Ìwé: Bí Ọmọ Gúúsù Èkìtì Ṣe Kọ́ Ìwé Kíkà

Ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Èmùré, ọmọ tí kò tíì mọ A yàtọ̀ sí B ti mọ̀ pé ulé ni bàbá òun kọ́, pé uṣu ni ìyá òun ń sè, àti pé uyán ni wọn yóò gún bí ó bá di alẹ́. Fáwẹ́lì u ni ó fi ń dárúkọ ohun tí ó sún mọ́ ọn jù lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú un dé ilé-ìwé, olùkọ́ yóò kọ ilé sójú pátákó, yóò kọ iṣu sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò sì ní kí gbogbo kíláàsì pè é tẹ̀ lé òun. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, wọn yóò kọ́ ọmọ náà ní òfin kan tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti jókòó ní kíláàsì Yorùbá rí: fáwẹ́lì u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá.

Òfin náà kò parọ́ nípa Yorùbá àjùmọ̀lò. Ẹnu ọmọ tí a ń kọ́ gan-an ni ó ń takò. Ọmọ gúúsù Èkìtì kò kàn kọ́ bí a ti ń ka èdè abínibí rẹ̀ lójú ìwé. Ó kọ́ Yorùbá kejì pọ̀ mọ́ ọn, láìsí ẹni tí ó sọ fún un pé iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tí Yorùbá inú ìwé ti wá kò fara sin. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní 1859. Ní 1875, àwọn ìjọ ṣe ìpàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a óò ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀, odindi Bíbélì sì jáde ní 1884. Ohùn Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ni ó borí nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Nígbà tí Bíbélì náà ń jáde, ojú ogun Kírìjì ni àwọn Èkìtì wà. Bí wọ́n ti ń pe ilé kò kan àwọn tí ń tẹ̀wé.

Ogun náà tú ká pátápátá ní 1893. Lára àwọn ọmọ Èkìtì tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó, àwọn kan padà wálé pẹ̀lú ẹ̀sìn Kristi àti Bíbélì Yorùbá. Láti ìgbà náà ni ìwé kíkà àti ṣọ́ọ̀ṣì ti di ọ̀kan náà lójú ará ìlú. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìrìbọmi, ìjọ a máa retí pé kí ó gbìyànjú láti kàwé, nítorí náà àgbà àti ọmọdé jọ ń kọ́ ABD ni. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí náà ní wàláà tiwọn ní ilé-kéú, ṣùgbọ́n èdè Lárúbáwá ni wọ́n ń fi í kọ́. Kò sí ẹni tí ó retí pé kí ó bá ẹnu ilé mu. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ṣòro jù láti rí, nítorí pé ó jọ èdè ilé tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè rò pé òun gan-an ni.

Kò yẹ kí a rò pé àwọn ìlú wọ̀nyí kò ní ọ̀nà àtipa ìtàn mọ́ kí ABD tó dé. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní 1938, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Lójú ilẹ̀kùn náà, bí ọba ṣe gba òyìnbó aláṣẹ lálejò ni ó wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lójú. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, ó sì di ti British Museum. Nígbà tí àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ń fi ìka tọ lẹ́tà nínú ìwé ABD, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń wo ìwé onígi tí ó jẹ́ tiwọn.

Ìwé Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ, ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta, kọ ní àwọn ọdún 1940 ni ó wá mú ìwé kíkà dùn mọ́ ọmọdé. Àwọn ewì inú rẹ̀ ṣì wà lórí àgbàlagbà tí ó ti gbàgbé ìyókù ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Lẹ́yìn èyí ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1955. Iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí nǹkan bí 811,000 láàárín ọdún kan. Ọmọ tí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, wọn a ní kí ó gbé ọwọ́ kọjá lórí. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí òdì kejì, ó ti tó ilé-ìwé lọ nìyẹn. Olùkọ́ kò tó, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbà ni kò sì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ẹni tí ó fa ilà pupa sí ulé nínú ìwé ọmọ lè jẹ́ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ yóò wí ulé ní kété tí aago ìparí iṣẹ́ bá lù.

Àṣìṣe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ yẹ ní wíwò dáadáa. Ọmọ Èkìtì tí ó bá kọ ẹ̀lùbọ́ dípò èlùbọ́ kò ṣe àìbìkítà. Ní ẹ̀ka-èdè rẹ̀, àǹkóò fáwẹ́lì ń ṣiṣẹ́ kọjá ibi tí ó dé nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ tí ó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ sì ni ó pe ẹ sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Etí rẹ̀ gbọ́ òfin kan, ó sì tẹ̀ lé e. Olùkọ́ tí kò mọ èyí yóò fi máàkì jẹ ọmọ náà níyà nítorí pé ó gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa. Àkọtọ́ pàápàá kò dúró sójú kan: aiye àti enia ni àwọn ọmọ ìgbà náà kọ́, lẹ́yìn tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, ayé àti ènìyàn ni wọ́n fi kọ́ ọmọ tiwọn.

Síbẹ̀, èrè iṣẹ́ méjì yìí kò kéré. Ọmọ kíláàsì kẹrin ni akọ̀wé agboolé. Bí lẹ́tà bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn dé, òun ni wọn yóò pè kí ó wá kà á. Bí a óò bá fèsì, ìyá yóò jókòó, yóò máa sọ ọ̀rọ̀ ní Èkìtì gidi, ọmọ yóò sì máa kọ ọ́ ní Yorùbá inú ìwé: ìyá wí ulé, ọwọ́ ọmọ kọ ilé. Nígbà tí ó bá kà á padà fún ìyá, èdè ìyá ni yóò tún fi kà á. Ògbufọ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́wàá yìí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Níyì Ọ̀ṣúndáre, tí wọ́n bí ní Ìkẹ́rẹ́ ní 1947, jẹ́ ọmọ ọdún 7 nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ewì tí ó fi gba orúkọ, ṣùgbọ́n òkè Olóṣùnta àti Òròólè ti Ìkẹ́rẹ́ ni ó kún inú ìwé rẹ̀ ti 1986, The Eye of the Earth.

Ní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ìwé kan ní Ilé-Ifẹ̀: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 fara mọ́ èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ti 2022 sì fẹ̀ ẹ́ dé ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti fagi lé ti 2022 náà, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni a óò máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òkè. Wọ́n ní àbájáde ìdánwò ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni kò dára. Bóyá èdè ni ó fà á, tàbí àìní ìwé àti olùkọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ṣẹ́, ìyẹn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wádìí.

Ìkẹ́rẹ́ kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ níbẹ̀ láti ọdún 1977 ti di yunifásítì báyìí, ó sì ń jẹ́ orúkọ Bámidélé Olúmilúà. Àwọn tí ó bá jáde níbẹ̀ ni wọn yóò dúró níwájú pátákó ní Ìsẹ̀ àti Èmùré. Ara ògiri kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi ni ọmọ ti ń rí lẹ́tà u nísinsìnyí, pẹ̀lú àwòrán agbòjò àti ọ̀rọ̀ umbrella ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí ohun tí ó dí olùkọ́ lọ́wọ́ láti ya ulé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.