Ohun tó so àwa ará Kánò pọ̀ mọ́ èbúté Àpápá

 

Àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń béèrè pé kí ló gbé àwọn bàbá bàbá wa kúrò nílé wá sí ibi tó jìnnà tó báyìí, tí kò sí òkun, tí kò sí ọ̀sà. Èsì tèmi ni pé òkun náà ló gbé wọn wá. Èbúté Èkó ni mò ń sọ, pàápàá Àpápá.

Láyé àtijọ́, ọkọ̀ òkun ńlá kì í lè wọ Èkó. Yanrìn ti kó jọ sí ẹnu ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun, omi ibẹ̀ ò jìn, ìgbì sì le. Ọkọ̀ tó bá ti ìlú òyìnbó dé á dúró lójú agbami, àwọn ọkọ̀ kéékèèké á wá máa kó ẹrù àti èrò. Nígbà míì, Forcados lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń já ẹrù Èkó sílẹ̀, kí ọkọ̀ kékeré tó gbé e padà wá. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ro owó tó ń lọ síbẹ̀! Kí ọdún 1910 tó pé ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta ràgàjì wọ inú òkun kí yanrìn má baà dí ẹnu ọ̀nà mọ́, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ kó èyí tó wà níbẹ̀ kúrò. Árò ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti gbẹ́ òkúta, rélùwéè ló ń gbé e wá. Nígbà tó fi máa di 1914, ọkọ̀ ńlá ti ń wọlé.

Rélùwéè yìí, 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Èkó, ó dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tó di 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Èkó dé Kánò, ìrìn tó lé ní kìlómítà 1,100. Ṣé ẹ rí i pé ìgbà tí irin dé Kánò àti ìgbà tí ẹnu òkun là ò jìnnà síra wọn? Òyìnbó ò ṣe é nítorí kí á lè máa lọ kí ará ilé o. Owú ni wọ́n ń wá. Àmọ́ àgbẹ̀ Kánò wo owó tí owú ń mú wá, ó wo ti ẹ̀pà, ó bá gbin ẹ̀pà. Ọgbọ́n àgbẹ̀ nìyẹn.

Àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, télọ̀, àti àwọn ìyá tó ń tajà, irin yìí ni wọ́n bá dé. Ìta odi ìlú ni wọ́n fún àwọn àlejò, ibẹ̀ ni a ń pè ní Sabon Gari. Lóòótọ́, Yorùbá ti wà nínú odi tẹ́lẹ̀, ẹ lọ wo Àyàgí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa, ọmọ ojú irin ni wá. (Ọ̀rọ̀ kan náà ni Sábó tí àwọn Hausa ń gbé lọ́dọ̀ wa nílé. Àwọn náà bá ọ̀nà yẹn sọ̀ kalẹ̀.)

Àpápá fúnra rẹ̀ dé lẹ́yìn èyí. Ní 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wáàfù ibẹ̀, nígbà tó sì di 1926, àyè mẹ́rin tí ọkọ̀ ńlá lè gúnlẹ̀ sí ti parí. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé irin wọ inú wáàfù gan-an. Kírénì á gbé ẹrù látinú ọkọ̀ òkun, á sọ ọ́ sínú wágùnù, ó di Kánò. Ẹ̀pà náà á gba ọ̀nà yẹn lọ sí òkè òkun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obì díẹ̀, torí òwò ìyá mi ni. Gbànja tí wọ́n ń jẹ ní Kánò, ilẹ̀ Gold Coast ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló sì ń rù ú la igbó kọjá, ọ̀pọ̀ oṣù lójú ọ̀nà. Alhassan Dantata, ọmọ Kánò, ló wò ó pé ọkọ̀ òkun lè gbé obì láti Accra dé Èkó, kí rélùwéè gbà á níbẹ̀. Ó di olówó ńlá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ wa ní agbègbè Agége àti Rẹ́mọ náà ò sùn, wọ́n gbin gbànja tiwọn, obì Gold Coast sì dín kù nínú ọkọ̀ títí ó fi tán nílẹ̀.

Àwọn òkè ẹ̀pà tí ẹ ń rí nínú àwòrán àtijọ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ rò pé ẹwà ni wọ́n fi ń ṣe. Rárá o. Ẹ̀pà tó ń dúró de wágùnù tó máa gbé e lọ Àpápá ni. Bí rélùwéè bá ṣe ń falẹ̀ sí ni òkè á ṣe ga sí. Ọ̀dá àti àìsàn ẹ̀pà ní bíi 1973 sí 1975 ló pa òwò yẹn, epo rọ̀bì sì ti dé, ìjọba ò bojú wẹ̀yìn mọ́.

Nígbà ogun Bìáfírà, tí Potakọ àti Calabar ò ṣeé lò, èjìká Àpápá ni gbogbo ẹrù já lé. Èyí tó wá burú jù ni ti símẹ́ńtì ní 1975. Ìjọba ra nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, ìlọ́po-ìlọ́po ohun tí èbúté lè gbà lọ́dún kan. Ọkọ̀ tó lé ní 400 tò lórí òkun, símẹ́ńtì ń dì sínú wọn, owó ìdúró sì ń ka lójoojúmọ́. Ìyẹn ló mú kí wọ́n sáré kọ́ èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977.

Lẹ́yìn náà ni kọ̀ntẹ́nà gba iṣẹ́, rélùwéè sì kú díẹ̀díẹ̀. Ní 2006, ìjọba gbé ibi ìjákọ̀ntẹ́nà ní Àpápá fún APM Terminals, kírénì tuntun dé. Inú wáàfù dára sí i, àmọ́ títì tó jáde níbẹ̀ ńkọ́? Páàtì ọkọ̀ ni mò ń tà. Ọdún kan wà tí tírélà tó fẹ́ wọlé lọ gbé ẹrù mi lo ọjọ́ mọ́kànlá lórí afárá Ìjọ́rà. Dírẹ́bà ń jẹun lórí mi, ẹgbẹ́ ọmọ kan ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lálaalẹ́. Lórí ọjà ni mo fi gbogbo rẹ̀ lé, kò sí ọgbọ́n míì. Ẹni tó ra bírékì ní France Road ló san owó afárá Ìjọ́rà.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, wọ́n ṣí èbúté Lẹ́kí, tí omi rẹ̀ jìn ju ti Àpápá lọ. Oṣù yẹn náà ni wọ́n ṣí èbúté orí ilẹ̀ ti Dala níbí ní Kánò, kí kọ̀ntẹ́nà lè gbéra ní Èkó kó wá gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ wa. Inú mi dùn sí i. Irin tuntun láti Àpápá, tí wọ́n ṣí ní 2021, Ìbàdàn ló ṣì dúró sí. Láti Ìbàdàn sí Dala, tírélà náà ni.