Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìmọ̀ Àwùjọ ní Oríta Ọ̀rẹ̀

Àwọn àgbà Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí òwe náà ń sọ ni pé ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdé kò lè ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, àti pé ẹni tó gba apá ìlà-oòrùn wọlé, tí iṣu sì ni ó kọ́kọ́ rí, kò gbọdọ̀ pe ẹni tó gba apá ìwọ̀-oòrùn wọlé ní òpùrọ́ nígbà tí onítọ̀hún bá ní aṣọ ni òun rí. Òwe yìí bá ìmọ̀ àwùjọ mu gan-an, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí ń wádìí bí ẹ̀dá ṣe ń gbé pọ̀, ohun tó so wọ́n pọ̀ àti ohun tí ń tú wọn ká. Auguste Comte, ará Faransé, ló sọ ẹ̀kọ́ náà ní orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí lónìí, ní ọdún 1838. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní irínwó ọdún ṣáájú rẹ̀ tí Ibn Khaldun, ọmọ bíbí ìlú Tunis, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1377 pé ìṣọ̀kan ìran ni ń gbé ìjọba dìde, tí ìgbádùn ìlú ńlá sì ń ba ìṣọ̀kan náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, bóyá ni ibì kan wà tí a ti lè dán ẹ̀kọ́ yìí wò tó Ọ̀rẹ̀, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó. Ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Ṣàgámù lọ sí Benin gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà Oǹdó wọ ibẹ̀ láti òkè, ọ̀nà Òkìtìpupa sì gba ìsàlẹ̀ jáde lọ sí apá omi. Gẹdú àti kòkó ni ó kọ́kọ́ fa èrò wá sínú igbó náà, ọkọ̀ akérò ni ó sì sọ oríta di ìlú. Ará Oǹdó àti ará Ìkálẹ̀ wà níbẹ̀, Ìlàjẹ àti Ìjọ́ gòkè wá láti etí omi, Ìgbò ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, Ìgbìrà ń roko, Hausa ń ta màlúù àti àlùbọ́sà. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé àwọn tó ń gbé ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ náà lé ní 230,000.

Ohun àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ní láti mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú kan kò tíì di àwùjọ. Àwọn èrò tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Onitsha láti jẹun ní Ọ̀rẹ̀ kò mọ ara wọn, kò sí ohun tí ẹnì kan jẹ ẹnì kejì, nígbà tí ọkọ̀ bá sì fọn fèrè, kálukú á padà sí ìjókòó rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ fún wọn ni àwùjọ, nítorí pé wọ́n ní ìlànà tí kò sí nínú ìwé kankan, wọ́n mọ ẹni tó jẹ́ àgbà láàárín wọn, wọ́n ń dá èsúsú, wọ́n sì mọ ìyà tó tọ́ sí ẹni tó bá já oníbàárà gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù ní ipò, ipò náà sì pín sí oríṣi méjì: èyí tí wọ́n bí mọ́ni, bíi kí ènìyàn jẹ́ ọmọ onílẹ̀ tàbí àkọ́bí, àti èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà, bíi kí ó di olùkọ́ tàbí alága ẹgbẹ́ awakọ̀. Ojúṣe ni ohun tí àwọn yòókù ń retí lọ́wọ́ ẹni tó wà ní ipò náà, ìṣòro sì ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ipò méjì bá bá ara wọn jà lára ẹnì kan, bíi ti ọlọ́pàá tí ó dúró sójú ọ̀nà tí àbúrò ìyá rẹ̀ sì wa ọkọ̀ tí kò ní ìwé dé iwájú rẹ̀.

Émile Durkheim, ará Faransé tó gbé ayé láti 1858 sí 1917, ní àwọn ọ̀nà ìṣe kan wà tó ti wà kí a tó bí ènìyàn, tí yóò wà lẹ́yìn ikú rẹ̀, tó sì ní agbára láti tì í síbi tí kò fúnra rẹ̀ yàn. Ẹni tó bá fẹ́ rí agbára yìí, kí ó wo ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Ọ̀rẹ̀, tí ó ń dọ̀bálẹ̀ kí bàbá Yorùbá láàárọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nà án ní ẹgba. Ilé ìwé, ọjà àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló tọ́ ọ sọ́nà bẹ́ẹ̀, ìtọ́sọ́nà yìí tí ń sọ ọmọ tuntun di ọmọ àwùjọ kì í sì í tán títí ènìyàn fi kú, nítorí pé àgbàlagbà tó bá ṣí lọ síbòmíràn yóò tún un kọ́.

Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1893, Durkheim ya ìṣọ̀kan sí méjì. Ti àkọ́kọ́ ni ìṣọ̀kan àwọn tó jọ ara wọn: gbogbo ilé ń ṣe iṣẹ́ oko kan náà, wọ́n ń bọ ohun kan náà, ohun kan náà sì ń bí wọn nínú. Ti èkejì ni ìṣọ̀kan àwọn tí kò jọra ṣùgbọ́n tí wọn kò lè ṣe láìsí ara wọn. Bí táyà ọkọ̀ bá bẹ́ ní òru ní Ọ̀rẹ̀, awakọ̀ Ùròbò yóò wá fọgánáísà Yorùbá, oníṣòwò Ìgbò ni yóò ta táyà mìíràn fún un, ìyálóúnjẹ ará Ìkálẹ̀ yóò sì bọ́ gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó nífẹ̀ẹ́ ara wọn ju bó ti yẹ lọ nínú wọn. Láti inú èrò yìí ni tíọ́rì ìwúlò ti dìde, tó gbà pé gbogbo ẹ̀ka àwùjọ ló ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe kí odidi lè dúró. Robert Merton, ará Amẹ́ríkà, fi kún un pé iṣẹ́ kan wà tó hàn, òmíràn sì fara sin: ọjà wà fún kátà-kárà, ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà ni ìròyìn ti ń tàn, tí ẹbí sì ti ń wo ìyàwó fún ọmọ. Àlébù tíọ́rì yìí ni pé ó yára fi ojúure wo gbogbo ohun tó bá ti wà, kì í sì í béèrè ẹni tó ń jèrè àti ẹni tó ń ru ẹrù.

Ìbéèrè yìí ni Karl Marx, ọmọ Jámánì, kò fi sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1883. Lójú rẹ̀, ẹni tó ni ohun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tí kò ní ju agbára apá rẹ̀ lọ kò lè ní èrò kan náà nípa ayé, ìforígbárí wọn ló sì ń ti ìtàn síwájú. Nínú igbó Odígbó, kòkó ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wúlò ju ibikíbi lọ. Ọmọ onílẹ̀ wà, ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tó ti òkèèrè wá wà, ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, ó gbin kòkó, igi kòkó di tirẹ̀ ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò di tirẹ̀. Ẹni tó ń gba oko tọ́jú wà, tí òun àti olóko ń pín owó lẹ́yìn ìkórè. Alágbàro wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo wọn, owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbà, bí owó kòkó bá sì gòkè ní ọjà àgbáyé, òun ni ó máa ń gbọ́ kẹ́yìn. Ìjọba wà lókè, torí pé igbó ọba Olúwa wà ní agbègbè yìí, òfin sì ka ẹni tó bá dáko sínú rẹ̀ láìgbàṣẹ sí arúfin, bí ó tilẹ̀ ti san owó fún ẹni tó fi ibẹ̀ hàn án. Nígbà tí Gómìnà Rótìmí Akérédolú pàṣẹ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 pé kí àwọn darandaran kúrò nínú igbó ọba ìpínlẹ̀ náà láàárín ọjọ́ méje, ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí ìjà ẹ̀yà. Ọ̀rọ̀ ààbò wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, nítorí pé ìjínigbé ti mú kí wọ́n dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, ṣùgbọ́n ìjà ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá sì rí ilẹ̀ nínú rẹ̀ kò tíì rí nǹkan kan.

Síbẹ̀, ọ̀nà Marx náà ní ibi tó parí sí. Ọkùnrin kan náà lè jẹ́ onílẹ̀ ní abúlé bàbá rẹ̀ kí ó sì jẹ́ alágbàro ní oko ẹlòmíràn, ẹbí àti ìjọ sì máa ń so olówó mọ́ tálákà débi pé wọn kì í dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ìwé ti pín wọn. Max Weber, ọmọ Jámánì mìíràn, rí èyí, ó sì yẹ ibi tí àṣẹ ti ń wá wò dípò kí ó dúró lórí ohun ìní nìkan. Ó ní àṣẹ tí àwọn ènìyàn gbà tọkàntọkàn pín sí mẹ́ta: èyí tó ti ọwọ́ àṣà wá, èyí tó ti ọwọ́ òfin àti ọ́fíìsì wá, àti èyí tí ẹnì kan ní nítorí pé àwọn tó ń tẹ̀lé e gbà pé ó ní ẹ̀bùn tí àwọn yòókù kò ní. Odígbó, ìlú àtijọ́ tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀rúnjà, ni ìjọba ìbílẹ̀ fi ń jẹ́ orúkọ. Ọ̀rẹ̀, ìlú oríta, ni sẹkitéríàtì wà. Orúkọ wà lọ́dọ̀ àṣà, fáìlì wà lọ́dọ̀ òfin, ní garéèjì sì rèé, àwọn agbèrò lè má tẹ̀lé ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ọ̀gá tí wọ́n gbà pé ó láyà.

Àwọn kan tún wà tí wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti orí odidi ìlú bí kò ṣe láti orí ènìyàn méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. George Herbert Mead ló fi ìpìlẹ̀ ọ̀nà yìí lélẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Herbert Blumer sì sọ ọ́ lórúkọ ní 1937. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ló ń darí ènìyàn, ìtumọ̀ tí ó fún un ni. Ìtàn Ọ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ fi èyí hàn: ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, ọmọ ogun Biafra gba Benin, wọ́n sì dojú kọ Èkó, Ọ̀rẹ̀ ni ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Láti ìgbà náà ni ìjà Ọ̀rẹ̀ ti di àpèjúwe ohunkóhun tó bá le lẹ́nu Yorùbá, àní lẹ́nu ọmọ tí kò mọ̀ pé ogun kan jà rí. Síbẹ̀, lójú ọ̀nà kan náà ni Ìgbò àti Yorùbá ti ń rajà lọ́wọ́ ara wọn lónìí. Georg Simmel, tó kọ̀wé lórí àlejò ní 1908, ní àlejò kì í ṣe ẹni tó dé lónìí tó sì lọ lọ́la. Ẹni tó dé tó sì jókòó ni, tó sún mọ́ni tó sì jìnnà síni lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí gbólóhùn kan nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí tó ṣe àpèjúwe àgbẹ̀ tó ti pẹ́ ní Ọ̀rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: wọ́n bí ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé, wọn yóò bi í pé níbo ni bàbá rẹ̀ ti wá.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa náà ní ọ̀nà tiwọn. Peter Ekeh, ọmọ Nàìjíríà, ṣàlàyé ní 1975 pé ìjọba amúnisìn fi àwùjọ méjì sílẹ̀ fún ọmọ Áfíríkà: ọ̀kan ni ti ìran rẹ̀, tó gbà pé òun jẹ ní gbèsè, èkejì ni ti ìjọba, tí kò kà sí tirẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí àwọn àlejò ní Ọ̀rẹ̀ ń dá owó sí láìsí pé ọlọ́pàá lé wọn fi hàn pé kò parọ́. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, Akínṣọlá Akìwọwọ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: inú àyájọ́ Yorùbá ni ó ti fa èrò àsùwàdà jáde, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1986, pé ìṣùjọ ni ìwà gbogbo ẹ̀dá fi dúró àti pé ẹni tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ ti ya ire ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ jà á níyàn, ìjiyàn náà sì yẹ, nítorí pé àsùwàdà fúnra rẹ̀ kò sọ ẹni tí yóò ni ilẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti ṣù jọ.

Ìwé tí Nathaniel Akínrẹ̀mí Fádípẹ̀ kọ lórí ìgbé ayé Yorùbá parí ní London ní 1939, ó kú ní 1944, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1970. Kí ti Ọ̀rẹ̀ má ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ àwùjọ ní yunifásítì tó wà ní Àkùngbá àti níbi gbogbo ní ìpínlẹ̀ Oǹdó rán akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ sí garéèjì, sí ọjà àti sí oko kòkó tó wà láàárín Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó, kí wọ́n béèrè ẹni tó gbìn, ẹni tó ni ín àti ẹni tó ń jẹ ẹ́, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ ní Yorùbá kí àwọn tó dá wọn lóhùn lè kà á.