Ford Nílẹ̀ Yorùbá: Ẹni Tí Ó Ra Ọkọ̀ àti Ẹni Tí Ó Mọ̀ Ọ́n Tún Ṣe

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ jọ yẹ̀ wò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń dán jù ládùúgbò, ọ̀rọ̀ ìtàn ni. Báwo ni ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe nílùú Detroit ní Amẹ́ríkà ṣe di ohun tí àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò ilẹ̀ wa ń náwó lé lórí? Kí ni ó sì kọ́ wa? Ford ni orúkọ ọkọ̀ náà.

Kí á tó dé òkè òkun, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ jẹ́ kí á mú ìlú Awo tí ó wà lẹ́bàá Ede, tí ó jẹ́ olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí. Ojú irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ede kọjá. Láti ìgbà náà ni ibùdókọ̀ ojú irin ti di ẹnu ọ̀nà ayé fún gbogbo agbègbè yìí. Ṣùgbọ́n ojú irin kì í yà sí oko ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ní kòkó tàbí èkùrọ́ nínú oko ní láti fi orí rù ú, tàbí kí ó háyà alààrù. Ohun tí orí kan lè rù kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kílò lọ, ẹni tí ó rù ú yóò sì jẹun lójú ọ̀nà. Oko tí ó bá jìnnà jù, owó alààrù yóò jẹ èrè ọjà náà tán. Nítorí náà, kì í ṣe ilẹ̀ tí ó dára nìkan ni ó ń sọ àgbẹ̀ di olówó nígbà náà. Bí oko rẹ̀ ṣe súnmọ́ ojú irin sí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìjọba amúnisìn mọ èyí. Ní 1906 ni wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, òun sì ni a ń pè ní ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà erùpẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀nà ayé ìgbà náà, afárá wọn sì jẹ́ igi. Ọkọ̀ tí ó bá wúwo yóò rì nígbà òjò, yóò sì ba ọ̀nà jẹ́ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí ilẹ̀ yìí ń fẹ́ ni ọkọ̀ tí ó fúyẹ́, tí ó ga nílẹ̀, tí owó rẹ̀ kò sì ga.

Ní Amẹ́ríkà, ọmọ àgbẹ̀ kan ń ro irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àwa ni ó ń rò. Henry Ford ni, ẹni tí wọ́n bí ní 1863. Ó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1903. Nígbà tí ó di 1908, ó gbé ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Model T jáde. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju ti ogún ẹṣin lọ, ṣùgbọ́n irin tí wọ́n fi ṣe é le, ó sì fúyẹ́. Àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà náà kò ní ọ̀nà tí ó dára ní àkókò yẹn, nítorí náà ọkọ̀ tí ó bá ẹrẹ̀ tiwọn mu bá ẹrẹ̀ tiwa náà mu. Ní 1913, Ford ṣètò iṣẹ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ máa rìn lọ bá òṣìṣẹ́ níbi tí ó dúró sí. Àkókò tí wọ́n fi ń to ẹsẹ̀ àti egungun ọkọ̀ kan jọ ti lé ní wákàtí méjìlá tẹ́lẹ̀, ó sì wá sí nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀. Owó ọkọ̀ náà jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 850 ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di 1925, ó ti bọ́ sí nǹkan bíi 260. Kí wọ́n tó dá a dúró ní 1927, wọ́n ti ṣe ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Báyìí, kí ni ojú ẹni tí ó ni irú ọkọ̀ yìí ń rí? Kì í ṣe ọkọ̀ tí ènìyàn kàn ń jókòó sínú rẹ̀ lọ. Ní òwúrọ̀, irin kan ni a máa ń fi sí iwájú rẹ̀ tí a ó fi ọwọ́ yí, kí ẹ́ńjìnnì lè gbaná. Bí ẹ́ńjìnnì bá yí padà lójijì, irin náà lè ṣẹ́ni lápá. Ibi ìtẹ̀mọ́lẹ̀ mẹ́ta ni ó wà lẹ́sẹ̀ awakọ̀: èyí tí ó wà láàrin ni ó ń mú ọkọ̀ padà sẹ́yìn, ọwọ́ ni a sì fi ń fún un ní epo. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ọkọ̀ mìíràn ní láti gbàgbé ohun tí ó kọ́. Abẹ́ ìjókòó ni epo ń gbé, ó sì ń ṣàn lọ sínú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Bí òkè bá ga tí epo sì kéré, kò ní ṣàn dé ẹ́ńjìnnì mọ́. Nítorí náà ni awakọ̀ ṣe máa ń yí ọkọ̀ padà, tí yóò sì fi ẹ̀yìn gun òkè. Ẹ fi ojú inú wo ọkọ̀ tí ń fi ìdí gun òkè nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tàbí Èkìtì, kí ẹ tó sọ pé ìrìn àjò ayé àtijọ́ rọrùn!

Síbẹ̀, ìṣòro wọ̀nyí ni ó sọ olówó ọkọ̀ di akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ó wà lára ọkọ̀ náà kò pọ̀, ojú sì lè rí i. Ẹni tí ó bá tú u lẹ́ẹ̀mejì yóò mọ bí a ti ń tò ó. Ní Èkó, W. A. Dawodu wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó kọ́kọ́ sọ títa kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò àti títún wọn ṣe di iṣẹ́ ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní Ìbàdàn, Salami Agbaje, ọlọ́rọ̀ oníṣòwò, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi mọ́tò ṣòwò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan ni ìtàn yìí jẹ́ tiwọn. Ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù dé láti òkè òkun, ẹ́ńjìnnì, egungun àti ẹsẹ̀ ni ó sábà máa ń ní. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ni ó ń kan pákó sí i lára, tí wọ́n ń ṣe ìjókòó, tí wọ́n sì ń bo òrùlé rẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ ni ó ń rọ irin tí ó bá ṣẹ́. Níbẹ̀ ni bọ́lẹ̀kájà ti jáde, orúkọ tí àwọn èrò fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ nítorí pé ìjókòó há, ìjà kò sì jìnnà. Ẹ sì wo orúkọ tí èdè wa fún mọ́tò kékeré: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, èyí tí ń yọ́ lọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì náà sì di ọmọ Ògún, nítorí irin ni wọ́n ń jẹ lára rẹ̀.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé, "Ẹ̀yin ń yin ọkọ̀ tí òyìnbó fi kó owó wa lọ." Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kòkó ni a fi ń ra ọkọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ajé àgbáyé dojúdé lẹ́yìn 1929, tí owó kòkó sì wálẹ̀, ọkọ̀ tí a rà ní àwìn di gbèsè lọ́rùn ẹni tí ó ni ín. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pàápàá ra irè oko, ó sì fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò ní àwọn ọdún 1930, kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Ó mọ èrè rẹ̀, ó sì mọ àdánù rẹ̀. Ìjọba amúnisìn pẹ̀lú kò fẹ́ kí mọ́tò gba èrò àti ẹrù lọ́wọ́ ojú irin rẹ̀, ó sì ń fi owó láísẹ́ǹsì dí i lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ kò bá já mọ́ nǹkan lọ́wọ́ wa, kí ni ìbá mú ojú irin bẹ̀rù rẹ̀?

Ìtàn náà tún yí padà. Ní 1931, Ford ṣí ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Dagenham lẹ́bàá London. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Ford tí àwọn ará ilẹ̀ wa mọ̀ lẹ́yìn náà ti wá: Anglia, Prefect, Consul, àti Cortina tí ó jáde ní 1962. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì ni ó mú wọlé. Bedford náà rí bẹ́ẹ̀, tí àwọn bàbá wa kà sí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé. Ilé iṣẹ́ Vauxhall tí ó ṣe é ní 1931 ti wà lọ́wọ́ General Motors ti Amẹ́ríkà láti 1925. Àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé tí ó yá owó ra ọkọ̀ ní àkókò òmìnira mọ bí a ti ń fi owó oṣù san án díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà lójú títì, títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, ọdún 1972, nígbà tí gbogbo Nàìjíríà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, ìjọba pinnu pé kí á máa to ọkọ̀ jọ nílé. Ní 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna, Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ford kò sí lára wọn. Ìgbà tí ó di 2015 ni ilé iṣẹ́ Coscharis bẹ̀rẹ̀ sí í to Ford Ranger jọ ní Èkó. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: bí ohun tí a ń tò bá ti inú àpótí òkè òkun jáde, kí ni a fi ju gbẹ́nàgbẹ́nà àtijọ́ lọ? Òun náà gba egungun ọkọ̀ láti òkè òkun, ó sì fi pákó ilẹ̀ rẹ̀ parí rẹ̀. Ohun tí a kò ṣe nígbà náà ni pé a kò gbé mẹkáníìkì àti alágbẹ̀dẹ wọ inú ilé ẹ̀kọ́, kí ìmọ̀ ọwọ́ wọn lè di ìmọ̀ ìwé. A rán ọmọ lọ kọ́ ìwé kí ó má bàa di mẹkáníìkì. A sì rán èyí tí a rò pé kò mọ ìwé lọ kọ́ mẹkáníìkì. Bẹ́ẹ̀ ni a ya ọpọlọ kúrò lára ọwọ́.

Lónìí, kọ̀ǹpútà wà nínú ọkọ̀, ojú lásán kò sì rí àìsàn rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó fi etí gbọ́ ẹ́ńjìnnì fún ogójì ọdún ń di ẹni tí kò ní iṣẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ní Awo, ní Ede àti níbi gbogbo tí ẹ bá wà, iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín nìyí: kí wọ́n lọ bá àgbà mẹkáníìkì, àgbà awakọ̀, tàbí gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó ti kan ọkọ̀ rí, kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tí ó rí bọ́lẹ̀kájà kù díẹ̀. Ẹni tí ó ra ọkọ̀, owó ni ó ní. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe ni ó ni ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí á jọ jíròrò lórí rẹ̀.