Ọmọ, Orúkọ àti Ìwé Ìbí: Bí Akọ àti Abo Ṣe Wọ Ọ̀rọ̀ Òbí ní Agbègbè Atakpamé

1. Ìfáárà

Nínú iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ ìbéèrè kan tó dà bí ọ̀rọ̀ ẹbí lásán, àmọ́ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀dá-èdè àti ọ̀rọ̀ ìtàn pẹ̀lú. Bí ọmọ ọdún 14 tàbí 16 bá sọ fún òbí rẹ̀ pé akọ tàbí abo tí wọ́n kọ sínú ìwé ìbí òun kò bá òun mu, ọ̀rọ̀ wo ló wà lẹ́nu òbí náà láti fi dá a lóhùn? Ọmọ tráǹsì ni mo máa pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Èdè wa kò tíì ní orúkọ kan fún un tí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí a ń gbọ́ ní ìgboro sì jẹ́ èébú.

Ọmọ agbègbè Atakpamé ni mí. Ifè ni a ń sọ nílé, Faransé ni mo fi kàwé. Láàárín èdè méjèèjì yìí ni ìbéèrè náà ti le jù.

2. Ohun tí girama wa ń yà sọ́tọ̀

Yorùbá àti Ifè, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana, kò ya akọ kúrò lára abo nínú ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Nínú Yorùbá, ẹnikẹ́ni ni a lè fi ó, òun àti rẹ̀ tọ́ka sí. Ọjọ́ orí ni a ń yà sọ́tọ̀: ẹ̀gbọ́n kì í ṣe àbúrò, a sì ń fi ẹ àti wọ́n bọ̀wọ̀ fún àgbà. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí lo irú ẹ̀rí yìí nínú ìwé rẹ̀, The Invention of Women, tó jáde ní 1997. Ó ní ipò àgbà, kì í ṣe akọ tàbí abo, ló ṣètò àwùjọ Ọ̀yọ́ kí àwọn òyìnbó tó dé. Bibi Bakare-Yusuf ta kò ó: bí girama kò bá sọ nǹkan kan, kò túmọ̀ sí pé nǹkan náà kò sí nínú ayé àwọn tó ń sọ èdè náà.

Lójú tèmi, Bakare-Yusuf ló jàre. Ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin wà nínú èdè wa. Oríkì Àjàní, ti ọkùnrin ni; Àṣàkẹ́, ti obìnrin ni. Síbẹ̀, kókó kan wà tí a kò gbọdọ̀ sọnù: òbí tó ń sọ Yorùbá tàbí Ifè lè sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ láìsọ bóyá akọ ni tàbí abo. Ọmọ mi ti jí, ó ti jẹun, ó ti lọ sílé-ìwé. Gbólóhùn tó pé ni gbogbo wọn.

3. Ilé-ìwé àti ìwé ìbí

Tógò bọ́ sábẹ́ Jámánì ní 1884. Ní oṣù kẹjọ 1914, àwọn ará Jámánì fọwọ́ ara wọn ba ilé-iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì Kamina jẹ́, nítòsí Atakpamé, wọ́n sì juwọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ náà, Atakpamé bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Láti ìgbà náà ni èdè tó ń béèrè akọ tàbí abo nínú fere gbogbo gbólóhùn ti di èdè ọ́fíìsì àti ilé-ìwé. Àtúnṣe ẹ̀kọ́ ti 1975 gbé Èwè àti Kabiyè wọ ilé-ìwé. Kò gbé Ifè wọ̀ ọ́.

Ohun tí èyí ń ṣe kò ṣòro láti rí. Bí mo bá fẹ́ sọ ní kíláàsì pé àbúrò mi ń ṣàìsàn, mo ní láti kọ́kọ́ yan frère tàbí sœur, kí n tó yan il tàbí elle, kí n sì mú ọ̀rọ̀ àpèjúwe bá a mu. Ọjọ́ orí tí èdè ilé fi síwájú ti sọnù; akọ tàbí abo tí èdè ilé fi sílẹ̀ ti di dandan. Ọmọ tráǹsì tó sinmi díẹ̀ nínú ó nílé máa ń bá il tàbí elle pàdé lẹ́nu olùkọ́ láràárọ̀.

Orúkọ náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Orúkọ ọjọ́ ti Èwè, tó tàn kálẹ̀ ní Tógò, ní ti akọ àti ti abo: ẹni tí a bí ní ọjọ́ Ẹtì lè jẹ́ Koffi tàbí Afi, ti Ọjọ́bọ̀ Yao tàbí Yawa. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ ní kíláàsì, gbogbo ènìyàn ti mọ̀.

4. Orúkọ ti yí padà rí

Àwọn kan máa ń sọ pé orúkọ tí wọ́n ti kọ sínú ìwé kò ṣeé yí. Ìtàn Tógò kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1974, Ààrẹ Eyadéma gbé ètò ojúlówó ìṣe ilẹ̀ Áfíríkà kalẹ̀. Òun tìkára rẹ̀ kúrò ní Étienne, ó di Gnassingbé; a sọ fún àwọn ará ìlú kí wọ́n fi orúkọ òyìnbó sílẹ̀; Palimé di Kpalimé, Anécho di Aného. Ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá kọ́ láti máa fi orúkọ mìíràn pe ọmọ tí wọ́n ti ń pe ní Jean tàbí Marie. Ahọ́n ṣì máa ń yọ̀, àmọ́ ó mọ́ wọn lára.

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìjọba ló pàṣẹ ti 1974, ọmọ ló ń bẹ̀bẹ̀ tiwa yìí. Àmọ́ ní ti ẹ̀dá-èdè, iṣẹ́ kan náà ni.

5. Ojúbọ kì í ṣe ìdáhùn tó tó

Àwọn mìíràn máa ń tọ́ka sí àṣà. Elégùn Ṣàngó tó jẹ́ ọkùnrin máa ń dirun, ó ń wọ aṣọ obìnrin, a sì ń pè é ní ìyàwó òrìṣà, J. Lorand Matory kọ nípa èyí ní 1994. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kà mọ́ ogún Benin, Nàìjíríà àti Tógò, ọkùnrin ló ń jó nínú aṣọ obìnrin. Ẹ̀rí ni pé aṣọ àti orúkọ kò fìgbà kan rí so mọ́ ara láìṣeé tú. Ṣùgbọ́n ipò iṣẹ́ òrìṣà tàbí eré ni wọ́n. Ọmọ tráǹsì kò béèrè ipò. Ó ń béèrè pé kí wọ́n mọ òun ní àárọ̀ Ajé, lọ́nà ilé-ìwé. A kò gbọdọ̀ fi èkíní dí ojú èkejì.

6. Ohun tó wà lọ́wọ́ òbí

Ìyá kan ní agbègbè wa, tó mọ̀ pé èdè ni mò ń kọ́, bi mí pé: “Ọmọ mi, kí ni kí n máa pè é báyìí? Ẹ̀rù ń bà mí pé kí n má pàdánù rẹ̀.” Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Stephen Russell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí láàárín 129 ọ̀dọ́ tráǹsì ní ìlú 3 ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018. Wọ́n rí i pé bí ibì kan sí i bá wà tí wọ́n ti ń fi orúkọ tí ọ̀dọ́ náà yàn pè é, ìbáà jẹ́ ilé, ilé-ìwé, ibi iṣẹ́ tàbí láàárín ọ̀rẹ́, ìrònú láti pa ara ẹni dín ní 29%. Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú ti yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò lára àrùn ọpọlọ nínú ìwé ìpín-àrùn rẹ̀ ICD-11, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022.

Òfin ìjìyà Tógò ti 2015 ń fi ẹ̀wọ̀n jẹ akọ tó bá akọ lò pọ̀ àti abo tó bá abo lò pọ̀. Orúkọ tí òbí fi pe ọmọ nílé kì í ṣe ìbálòpọ̀, àmọ́ àdúgbò kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nítorí náà, mo sọ fún ìyá náà pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé: ọmọ mi, àbúrò lágbájá, orúkọ tí ọmọ náà yàn, kí ó sì bi ọmọ náà ibi tó fẹ́ kí wọ́n ti pe orúkọ náà àti ibi tí kò fẹ́. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n tún ní ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

7. Ìgúnlẹ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ohun tó ń há òbí lọ́fun kò ti inú girama Ifè tàbí Yorùbá wá. Láti inú orúkọ, ìwé ìbí àti èdè ilé-ìwé ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá, a sì mọ ọjọ́ tí wọ́n dé. Iṣẹ́ tó kù fún wa ni láti gba ọ̀rọ̀ tí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ń lò sílẹ̀, láìkọ orúkọ wọn tàbí ìlú wọn, nítorí pé ìwádìí tó bá tú àṣírí ọmọ kò wúlò fún ọmọ náà.