Èrè Ìpín: Ṣé Kí Onípìn-ín Jẹ Ẹ́ Ni, Tàbí Kí Ó Tún Un Gbìn?

Ní Addo, ní ìtòsí Ajah, ilé ń dìde lójoojúmọ́ lórí ilẹ̀ tí àwọn àgbà ṣì mọ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó àti oko. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tó ń kọ́lé níbẹ̀, tó sì ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ ńlá, ìyẹn ohun tí ará ọjà ń pè ní ṣíà, mọ ìbéèrè kan dáadáa. Bí èrè ọdún bá wọlé, ṣé kí ó fi ra ìpín sí i ni, tàbí kí ó fi ra sìmẹ́ńtì? Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ìbéèrè yìí ti wà láàárín àwọn onípìn-ín Nàìjíríà, ìtàn sì ti dáhùn apá tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọdún 1961 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta ìpín ní ọjà ìpín ti Èkó, ṣùgbọ́n òfin ọdún 1972 ló kó ìpín dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ olówó oṣù. Ìjọba ológun pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè ta apá kan nínú ohun ìní wọn fún ọmọ Nàìjíríà; òfin ọdún 1977 sì mú un le sí i. Ní 1974, àwọn onímọ̀ méjì, Uzoaga àti Alozieuwa, kọ̀wé pé ìbẹ̀rù àti ìbínú àwọn onílé iṣẹ́ òkèèrè ló ń darí bí wọ́n ṣe ń pín èrè lákòókò náà. Inanga ta ko wọ́n: ó ní iye tí àjọ ìjọba ń dá lé ìpín lórí ló fà á. Ohun yòówù kó fà á, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀: iye tí ilé iṣẹ́ ń pín kì í fi ìgbà gbogbo sọ bí ara rẹ̀ ṣe le tó.

Lẹ́yìn náà ni ìfẹ́ èènì gbòde. Dípò owó, ilé iṣẹ́ a máa fún onípìn-ín ní ìpín tuntun. Ẹni tó ní 1,000 ìpín, tó gba ìpín kan lórí méjì lẹ́ẹ̀mẹta, yóò ní 3,375 láìná kọ́bọ̀. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n èènì kì í dá ọrọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí a bá gé búrẹ́dì sí wẹ́wẹ́, búrẹ́dì náà kò tóbi sí i. Èrè tí ilé iṣẹ́ dá dúró tó sì lò dáadáa ni ó ń mú ìpín níyì.

Ìdánwò ńlá dé ní oṣù Keje ọdún 2004, nígbà tí Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀, ní kí olú-owó báńkì kọ̀ọ̀kan tó bílíọ̀nù 25 náírà. Báńkì 89 di 25. Àwọn báńkì ta ìpín fún gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dá èrè wọn padà sínú báńkì kan náà tó san án. Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà ìpín kọjá 66,000. Kí ọdún 2009 tó jìnnà, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ìjọba gba Afribank, Bank PHB àti Spring Bank. Ọwọ́ àwọn onípìn-ín ṣófo. Ẹni tó ti ń kó èrè rẹ̀ jáde lọ́dọọdún ṣì rí nǹkan tọ́ka sí. Ẹni tó tún gbogbo rẹ̀ gbìn síbẹ̀ pàdánù oko àti irúgbìn.

Síbẹ̀, owó tí a gbà lọ́wọ́ kò bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ìjọba ti yọ owó orí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kí ó tó délé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọ̀wọ́ngógó ọjà lé ní ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó tó jókòó sí báńkì láìṣiṣẹ́ ń yọ́ bí òrí-àmọ́ inú oòrùn. Èrè tí àwọn olówó kò wá gbà sì ti ju bílíọ̀nù 100 náírà lọ.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Báńkì Àpapọ̀ ní kí àwọn báńkì tí wọ́n ṣì ń jẹ àǹfààní ìdáríjì lórí ìlànà dá pípín èrè dúró ná. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé èrè kan ṣoṣo láti jẹun rí ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀.

Àgbẹ̀ tó bá jẹ gbogbo èbù iṣu kò ní rí nǹkan gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tó bá sì gbin gbogbo rẹ̀ sí ilẹ̀ àkúrò kan, ìkún omi kan ṣoṣo tó láti sọ ọ́ di aláìní. Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì Addo jẹ ohun tó nílò, kí ó tún ìyókù gbìn, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ pé inú ilé iṣẹ́ tó san èrè náà nìkan ni yóò dá a padà sí.